Iná Inú Páálí

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé eéran tútù tó dàpọ̀ mọ́ ti gọ́tà lẹ́yìn òjò, èébì á kọ́kọ́ gbé mi ná kí n tó rántí ibi tí mo wà. Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ òórùn gọ́tà, a ti bá a dàgbà, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wí yìí, èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé onílé, tí mo gbé e ka iwájú arúgbó tó fẹ́ gbààwẹ̀. Ṣíọ̀! Ọ̀rọ̀ ara mi ṣì ń rí mi lára.

Ọdún tí bàbá mi kú ni. Oṣù Ṣàábáànì ni wọ́n kú, Ràmádáànì sì wọlé kí omi ojú wa tó gbẹ. Ìyá mi ní sàárà tí àwọn máa ṣe fún ọkọ àwọn kì í ṣe ti ariwo: ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni àwọn máa fi gbé oúnjẹ sààrì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Alhàjà. Alhàjà ń gbé nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ojú wọn ti ń ṣú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè dáná mọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì fi ń jí lójoojúmọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé ọjọ́ tí wọn ò bá rí nǹkan jẹ ní sààrì, kí wọ́n má gbààwẹ̀ rárá. Alhàjà ní kí dókítà lọ jókòó, pé láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti dá lára àwọn, ààwẹ̀ kan ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn rí, ti ọdún yìí kọ́ ló máa bọ́. Ìyẹn ni pé bí oúnjẹ ò bá dé, ebi ni wọ́n máa fi gbà á. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi gan-an sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Láfíàjì ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Mo ní kẹ̀kẹ́ ológere kan tí mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Tinúbú, èmi ni wọ́n sì yàn láti máa gbé oúnjẹ náà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, fóònù ni mo fi ẹnu dì mú kí n fi ríran lójú títì, itọ́ á máa ṣàn lágbọ̀n mi bíi ti ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọlọ́kadà kan gbá mi létí ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní òun ò rí mi. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n tú ìdí aṣọ, wọ́n ká owó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ra iná méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí n sì kọ́kọ́ bi bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òpópónà wa kí n tó dé ọjà.

Mo lọ bá bàbá náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò bá mi lọ. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń lẹ táyà. Wọ́n ní, "Ti ẹ̀yìn ni kí o kọ́kọ́ rà, pupa. Ọkọ̀ tó máa pa ẹ, ẹ̀yìn ló ń gbà wá. Iná tí èèyàn fi ń ríran ọ̀tọ̀, iná tí wọ́n fi ń rí èèyàn ọ̀tọ̀." Wọ́n ní èyí tí táyà ń yí kó tó tàn kì í jẹ owó bátìrì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró, òun náà á kú. Wọ́n ní tí owó mi ò bá pọ̀, kí n wá èyí tí wọ́n ń fi wáyà fóònù ṣáàjì, tí rọ́bà bo ẹnu rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n wá gbé ojú sókè. "Má jẹ́ kí wọ́n tàn án fún ẹ nínú páálí o. Gbé e bọ́ síta, tàn án sí ògiri òdìkejì títì, kí o gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bó bá ṣẹ́jú, dá a padà fún wọn." Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Nínú ikùn mi, mò ń sọ pé kí ni bàbá tí kò ní ju sípánà méjì lọ mọ̀ nípa iná ìgbàlódé. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, èmi fẹ́ fi ìdúró rí i.

Mo dé Ìdúmàgbò. Ọmọkùnrin tó ń ta nǹkan iná níbẹ̀ gbé iná kan jáde, iye rẹ̀ ò tó ìlàjì iye tí àwọn yòókù ń pè. Ó tì í bọ inú páálí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín." Èmi náà ki orí bọ inú páálí bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo iṣu. Ó tàn án. Háà! Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ó ní, "Iná mọ́tò ò tó èyí, mo fi Ọlọ́run búra!" Mi ò gbé e síta, mi ò gbọ̀n ọ́n, mi ò béèrè pupa. Ẹyọ kan péré ni mo rà, àṣẹ́kù owó sì wà lọ́wọ́ mi, ó ń yún mi. Ìsọ̀ kejì sí i, wọ́n ń ta awò dúdú, irú èyí tí àwọn gbajúmọ̀ ń fi sójú. Ẹ ti mọ ìyókù. Owó tí ìyá mi fún mi láti ra ìmọ́lẹ̀, èmi fi ra òkùnkùn fún ojú ara mi. Mo délé, mo ní ọjà ti wọ́n, owó ò tó méjì.

Ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé iná náà jáde. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ìyá mi di kúlà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún mi: ẹ̀kọ mẹ́ta, mọ́ínmọ́ín méjì, píọ̀ wọ́tà méjì. Ewé ni wọ́n máa ń fi pọ́n ẹ̀kọ Alhàjà, nítorí Alhàjà ní ẹ̀kọ inú ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀kọ. Mo fi awò dúdú mi há ọrùn jalàbíà, ní aago márùn-ún ìdájí o, ẹ gbọ́ ìranù. Ní Tinúbú, iná àwọn báǹkì mọ́lẹ̀ rokoṣo, mo sì rò pé iná tèmi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo ń súfèé.

Bí mo ṣe yà sí Ìsàlẹ̀ Gángan ni mo mọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, iná kẹ̀kẹ́ mi ò sì ju ojú ológbò lọ, táyà iwájú nìkan ló ń tàn sí. Mo já sí kòtò kan, ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo gbá a, ó tàn. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí mo ti ń gbá a ni táyà iwájú ti wọ ibi tí wọ́n ti ṣí sílábù kúrò lórí gọ́tà. Mo bá ara mi nínú rẹ̀ dé itan. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí irú ẹ̀. Omi náà dúdú, ó ki, irun tí onídìrí dà nù lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, nǹkan kan tó rọ̀ gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi kọjá, mi ò sì fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ títí dọ̀la. Kúlà ti ṣí. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ń léfòó láàárín ìgbẹ́.

Mọ́ṣáláṣí ń pariwo lẹ́nu ẹ̀rọ: "Ẹ dìde o, ẹ jẹun, ó ku ogún ìṣẹ́jú!" Máì-ṣáì kan wà níwájú, ó ń po tíì, búrẹ́dì wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Owó tó yẹ kó wà nínú àpò ló há sí mi lọ́rùn, ó ń dán, kò tilẹ̀ họ lára. Mo wá ṣe ohun tí mi ò lè fi ojú méjèèjì wò bí mo bá rántí. Mo ṣa ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ́ píọ̀ wọ́tà tó jẹ́ ti arúgbó, mo fi ṣan ẹ̀yìn ewé, mo kó wọn padà sínú kúlà. Mo ń sọ fún ara mi pé ewé ló wé e, omi gọ́tà ò lè wọ inú ewé. Ta ni mò ń tàn?

Gbogbo agbo ilé ti jí. Ìyàwó ilé kan ń se ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà Alhàjà gan-an, ó ń kí mi káàárọ̀. Mo dá a lóhùn, mo fara gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kó má baà gbóòórùn mi.

Alhàjà wà lórí ẹní, nínú òkùnkùn. "O pẹ́ lónìí, bàbá mi. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà. Òjò ni."

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Gọ́tà ìta ni, mà. Ó ti kún."

Wọ́n ní kí n gbé iná tuntun tí ìyá mi sọ pé mo rà wá, kí àwọn fi ṣí ẹ̀kọ. Mo tú u kúrò lára kẹ̀kẹ́, mo gbé e sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn gbòò! Iná tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú títì, ó tàn nínú yàrá Alhàjà bó ṣe tàn nínú páálí, kò ṣẹ́jú rárá. Mo rí ìlà dúdú tó gba ìṣẹ́po ewé wọlé. Mo rí irun kan. Alhàjà ò rí i. Wọ́n gbé ẹ̀kọ sọ́wọ́, wọ́n kọ́kọ́ ṣàdúà: "Ọlọ́run, tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè àbúrò mi. Bù kún ẹni tó se é àti ẹni tó gbé e wá." Àdúà náà gùn. Mọ́ṣáláṣí pe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pe márùn-ún. Èmi dákẹ́. Wọ́n ní, "Bísímílà." Òkùnkùn ìbáà kùn tó báwo, ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu. Ẹ̀kọ ti kan eyín wọn kí n tó gbá ọwọ́ wọn, èmi ọmọ àná, mo gbá ọwọ́ àgbà.

"Ẹ má jẹ ẹ́, mà! Inú gọ́tà ló bọ́ sí!"

Ibi tí wọ́n ti ń tutọ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ni ìrun ti pè. Wọ́n fi omi búútà yọ ẹnu, wọ́n tu ú dànù. Mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí awò dúdú. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Nígbà tí o wọlé, ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

Mo ní, "Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

"Ìyàwó ilé ń se ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà mi. Ṣíbí kan ì bá tó mi. Ẹnu lásán ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ àbúrò mi, o sì gbé e pa mọ́."

Wọ́n gbààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá Ásárì lọ́wọ́ ni òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà. Àwọn ará ilé fi tipátipá fún wọn lómi, ààwẹ̀ já. Nígbà tí èmi àti ìyá mi sáré dé, Alhàjà ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ìyá mi béèrè bóyá oúnjẹ ò dé. Alhàjà wò mí, wọ́n ní, "Ó dé. Mo jẹ ẹ́. Ara àgbà ni." Obìnrin tí kì í purọ́, wọ́n purọ́ láàárín oṣù ààwẹ̀ nítorí tèmi. Nígbà tí ìyá mi jáde, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ààwẹ̀ tèmi, mo máa san án padà. Tìẹ ni mi ò mọ bí wàá ṣe san án."

Mo ta awò dúdú náà, mo gba owó iṣẹ́ sílẹ̀, mo padà lọ bá bàbá oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n wo iná ọwọ́ mi, wọ́n kàn ní, "Inú páálí, àbí?" Àwọn ni wọ́n bá mi yan iná gidi, pupa àti funfun, a sì tàn án sí ògiri òdìkejì títì kí a tó sanwó. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò pẹ́ mọ́, kò sì bọ́ síbì kankan.

Alhàjà ti lọ bá àbúrò wọn báyìí. Wọ́n san ààwẹ̀ ọjọ́ kan yẹn lẹ́yìn Ìtùnú, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú. Iná mẹ́ta ló wà lára kẹ̀kẹ́ mi lónìí, bí mo bá ń bọ̀, ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ ńlá ń bọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì wà láyé. Gbogbo Ràmádáànì tó bá wọlé, bí àlejò bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn sàárà tí wọ́n ṣe fún ọkọ wọn: ọgbọ̀n sààrì gbáko, kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ àwọn ló ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yíjú sí mi kí n jẹ́rìí. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná mọ́lẹ̀ kedere nínú pálọ̀.

"Àbí mo purọ́?"

Mo ní, "Rárá, mà."