Wọ́n ní mo ti dàgbà jù fún yàrá

Onílé kan dá mi padà lónìí nítorí ó ń bẹ̀rù pé mo lè kú sínú yàrá rẹ̀.

Wọ́n ti ta ilé tí mò ń gbé, ni mo bá lọ wá yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Obìnrin tó ni yàrá náà kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí ẹ bá kú síbẹ̀, ta ló máa gba yàrá náà lẹ́yìn yín?"

Mo ní, "Ẹni tí kò bá rílé gbé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ẹgbẹ́ yín ti kọ́lé. Kí lẹ fi ìgbà ọ̀dọ́ yín ṣe gan-an?"

"Mo ra ilẹ̀ sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Mo ta ilẹ̀ náà nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn. Ìyàwó náà sì kú."

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ó sì ti géètì.

N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi ẹni tí kò nílé léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ. Kí ìjọba náà sì kọ́ yàrá tí agbára wa ká.

Ẹ̀yin onílé, tó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn yín ni mo kàn, ṣé ẹ máa gbà mí? Ẹ sọ òótọ́. Ẹni tó ń bá mi kọ èyí máa ka èsì yín sí mi létí.