Obìnrin Íńdíà Tó Kọ́ Ìyá Mi ní Mímí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Tudun Wada, òórùn tùràrí tí wọ́n ń sun níbẹ̀ sì dá mi dúró. Kí n tó mọ̀, mo ti padà di ọmọbìnrin kékeré nínú ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, ètè mi là, ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹni tó tẹ eérú.

Ọdún náà ni ibà pa Káyọ̀dé, àbúrò mi. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà ni wá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í sùn. Ọbẹ̀ a máa jóná níwájú rẹ̀, kò ní í mọ̀. Bí a bá pè é, á máa wò wá bí ẹni tó ń wo èrò inú ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lọ. Bàbá mi ti ń sọ pé òun yóò dá a padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Iléṣà. Èmi ò mọ ẹni tí yóò wá ṣe ìyá fún mi.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni Kámálà ń gbé, ìyàwó ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ. Hausa jákujàku nìkan ni òun àti ìyá mi fi ń gbọ́ ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé, òórùn tùràrí wà lára aṣọ rẹ̀, ó kí wa pé, "Sannu," ó jókòó ti ìyá mi lórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ kò. Gbogbo ayé ló ti ń sọ fún ìyá mi pé kó má sunkún mọ́. Kámálà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ìyá mi lé àyà ìyá mi fúnra rẹ̀.

"Máa ṣọ́ èémí rẹ," ló wí, "bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Bí ìbànújẹ́ bá dé, má lé e, má sì tẹ̀ lé e."

Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nílé nìyẹn: ọkàn tó dàrú dà bí omi kòtò kùsà, a kì í fi ọwọ́ mú un tòrò, ńṣe là ń fi í sílẹ̀.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn dé etí Bàbá Ìjọ wa, ó sáré wá. "Ìyáàfin, wọ́n ní ẹ ti ń bọ òrìṣà Íńdíà?"

Ìyá mi gbójú sókè. "Bàbá, mò ń mí ni."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ látìgbà ìsìnkú nìyẹn. Ni Bàbá Ìjọ náà bá fìdí kalẹ̀ tì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ò gbà kó ká ẹsẹ̀.

Ara ìyá mi ò yá lóòjọ́. Ó kọ́kọ́ rí oorun sùn. Nígbà tó yá, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ ò tó. Bàbá mi ò mẹ́nu kan Iléṣà mọ́.

Kámálà àti ọkọ rẹ̀ ti padà sílé wọn tipẹ́, a ò gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ, àwọn àgbà sì ń bínú; èmi ò lè bínú sí èdè tó dá ìyá mi padà fún mi. Mo rántí ọdún tó tẹ̀ lé e, tí oyún wálẹ̀ lára obìnrin ẹ̀yà Bìrọ́ọ̀mù kan ládùúgbò wa. Àwọn obìnrin ń wọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Ìyá mi lọ jókòó tì í títí oòrùn fi gòkè, kò sọ nǹkan kan.