Ìbọn Tó Ń Parí Ìjà

Boniface Ng'andu, tí gbogbo àdúgbò wa ní Luanshya, ní orílẹ̀-èdè Zambia, ń pè ní Bàbá Chomba, kò mọ bí a ti ń tọrọ àforíjì. Kì í ṣe pé ó gbéraga. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn awakùsà bàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀, ó sì mú àṣà yẹn bọ̀ wálé. Bí òun àti Felistus ìyàwó rẹ̀ bá jà, géèmù ló ń là wọ́n.

Ìgbà tí iṣẹ́ kùsà ṣì dára ló ra géèmù náà fún àwọn ọmọ: àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn, kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò kan, páàdì méjì, àti ìbọn oníke tí wọ́n fi ń yin àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń fò lójú tẹlifíṣàn. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ; ìbọn dúró. Bí ìjà bá ti sùn mọ́jú, ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi á fẹ́ atẹ́gùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, á tan géèmù, á sì gbé ìbọn lé ẹnì kejì nítan. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Kò ní pẹ́ tí àwa aládùúgbò á fi gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì lójú fèrèsé.

Lọ́dún tó kọjá, Chomba àkọ́bí wọn gbé tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ kan dé láti Lusaka, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó gbé ti àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bíi gẹ̀gẹ̀, fún ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù. Bàbá rẹ̀ ló bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Felistus ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó dúró sáàárín pálọ̀.

“Ta ló ní kí wọ́n gbé tẹlifíṣàn mi lọ?”

“Màmá, ẹ kọ́kọ́ wo èyí ná! Ẹ máa rí irun imú ẹni tó ń ka ìròyìn.”

“Kí ni mo fẹ́ fi irun imú onímú ṣe?” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ̀yin náà bá a gbé e, àbí? Ẹ ò lè bi mí.”

Ó wọ yàrá lọ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Chomba so géèmù mọ́ tẹlifíṣàn tuntun, ó gbé ìbọn lé ìyàwó rẹ̀ nítan. Felistus yìnbọn. Pẹ́pẹ́yẹ fò lọ. Ó sún mọ́ ọn títí ẹnu ìbọn fi fẹ́ kan gíláàsì. Pẹ́pẹ́yẹ ń fò lọ ní tiwọn.

Chomba họ orí. “Ó dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn àtijọ́ nìkan ni ìbọn yẹn mọ̀.”

Felistus gbé ìbọn kalẹ̀, ó dìde.

Chomba sáré lọ bá oní-irin àlòkù, àmọ́ wọ́n ti fọ́ tẹlifíṣàn náà. Nígbà tó padà, ó na fóònù rẹ̀ sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbìyànjú eléyìí. Gbogbo ayé ló jọ ń ṣe géèmù yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Bàbá Chomba ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ bọ etí, Chomba ki ẹ̀ka kejì bọ tirẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n ti pa á nínú géèmù náà léraléra, ọmọdé kan sì ń jágbe mọ́ ọn.

“Kí ló ń sọ?”

“Ó ní kí bàbá arúgbó lọ sùn.”

“Ọmọ ta nìyẹn? Wọn ò kọ́ ọ nílé ni?”

“Ẹ ò lè rí i, Bàbá. Ta ló mọ ìlú tó wà.”

“Ta wá ni mo ń bá ṣeré?” Ó yọ nǹkan náà létí. Láti ilé ìdáná, Felistus wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ náà jọ ẹ̀rín.

Chomba rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá, ẹ lọ bá Màmá sọ̀rọ̀.”

“Kí n ní kí ni?”

“Ohun tó wà nínú yín.”

“Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan wà níbẹ̀?”

Síbẹ̀ ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Felistus ń ro nshima, òkèlè àgbàdo wọn, kò wẹ̀yìn.

“Felistus.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Chomba, kò pe orúkọ yẹn mọ́. Orógùn dúró.

“Ó yẹ kí n bi ọ́. Mi ò mọ̀ pé tẹlifíṣàn yẹn ló ń bá mi bẹ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Felistus tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro oúnjẹ náà.

“Ṣé ó tán?”

“Ó tán.”

“Ẹ gbìyànjú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ tún un sọ, nshima ń hó, mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀.”

Ó wọlé, ó dúró tì í nídìí ààrò, ó sì tún un sọ.