Yanrìn Tí Wàsílátù Fọ̀ fún Ẹja

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ní Mafoluku, oníkálukú a sá wọlé. Wàsílátù ní tiẹ̀ a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a gbé páànù lé itan, a máa retí kí òjò dá. Bó bá ti dá báyìí, ó ti bọ́ sí gọ́tà. Yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá ló ń kó. A kó o jọ sẹ́bàá ọ̀nà, a jọ̀ ọ́, a tà á fún àwọn bíríkìlà, torí ìgbà yẹn ni owó epo ń ya wọ Èkó, tí gbogbo ẹni tó gba owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, fẹ́ di onílé. Ẹ ó máa gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé ìgbà yẹn dáa. Ó dáa fún àwọn tó dáa fún. Ìgbà tó dáa yẹn ló mú Wàsílátù kúrò ní Ìkirè wá sí Èkó. Òun náà ló mú ọkọ rẹ̀, Múrítàlá, bá àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ sí Wàrí, kò sì wẹ̀yìn wò mọ́ títí di òní. Ohun tó fi sílẹ̀ fún un ni yàrá kan tí wọ́n háyà, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títí.

Títí kò sí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àjàó Estate ló wà, nílé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Felix Olúbọ̀wálé, ará Abẹ́òkúta, àti ìyàwó rẹ̀, Beatrice. Àdéhùn wọn ni pé Títí yóò máa tọ́jú ilé, yóò máa gbé àwọn ọmọ wọn jó, àwọn náà yóò sì rán an nílé ìwé. Ó ti dé kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní pìràmárì. Beatrice ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi í sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan ìlérí náà ti ń mì. Ó ti ń sọ pé oúnjẹ ti wọ́n, pé ọmọ náà ti dàgbà, pé ẹni tó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ti mọ̀wé tó. Ọkàn Wàsílátù kò balẹ̀ mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn nìkan ló ń tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀.

Ẹ̀yin náà sì mọ àṣà wa. Èèyàn kì í fi ọmọ sílé onílé kó máa lọ kí wọn lọ́wọ́ òfo. Àwọn òbí ọmọ ọ̀dọ̀ yòókù ládùúgbò yẹn ń gbé iṣu wá látoko, wọ́n ń gbé epo pupa wá, wọ́n ń mú adìyẹ lọ́wọ́ bọ̀ bí ọdún bá dé. Kí ni Wàsílátù fẹ́ gbé? Tìtìjú-tìtìjú ló fi ń lọ. Á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á kúnlẹ̀ kí Beatrice, á wojú ọmọ rẹ̀, á padà. Beatrice ò bú u rí o. Ó kàn máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ìgbà tọ́rọ̀ wà báyìí ni Felix ra àpótí gíláàsì kan, ó gbé e sí pálọ̀, ó pọn omi kún un, ó kó ẹja òyìnbó sí i, ẹja pupa kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Ẹ gbà mí o! Ẹja tó ń jẹun lójoojúmọ́ tí kò ní wọ ìkòkò láéláé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fẹ́ràn wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tí yóò ti jókòó tì wọ́n. Ohun tó ń dùn ún ni yanrìn funfun tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà. Ó ń tàn sí àwọn ẹja náà lójú, àwọ̀ wọn ń ṣá, wọ́n sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ó ti kà á níbì kan pé yanrìn dúdú ló ń fi ara wọn balẹ̀, tí pupa wọn á fi yọ. Títí tó ń gbálẹ̀ nítòsí gbọ́, ó ní ìyá òun mọ ibi tí yanrìn dúdú wà. Felix ní kó lọ pè é wá.

Ọjọ́ yẹn ni Wàsílátù kọ́kọ́ gba iwájú wọ ilé náà. Felix fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Yanrìn náà ò gbọdọ̀ jẹ́ ti etí òkun, torí iyọ̀ àti ìkarahun. Kò gbọdọ̀ mú bí òkúta tí wọ́n fọ́, torí ẹja máa ń fẹnu tú ilẹ̀ kiri, yóò gé wọn lẹ́nu. Epo mọ́tò ò gbọdọ̀ kàn án rárá. Kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, kó dà á nù, ìkarahun ló wà nínú rẹ̀. Bó bá sì rí èyí tó dáa, kó máa fi omi ṣàn án títí omi náà yóò fi mọ́. Wàsílátù gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Felix wá bèèrè iye tóun máa san. Ni obìnrin náà bá kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, mi ò tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ bá mi fi Títí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.”

Inú Felix dùn. Ó ní bí àwọn ẹja òun bá ti ń ṣe dáadáa lórí yanrìn náà, òun fúnra òun ni yóò mú ọmọ náà lọ ṣe ìdánwò. Beatrice wà níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Wàsílátù.

Yanrìn dúdú tó súnmọ́ jù wà ní Òṣòdì, létí rélùwéè, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì tó ti jóná sí. Ó dúdú kirikiri. Sẹ̀kínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kó yanrìn, ní kó kó o jàre, kó ṣàn án, ta ni yóò mọ̀? Wàsílátù bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, òṣùmàrè epo sì yọ lójú omi náà. Ó dà á nù. Ó ní òun ò ní fi májèlé bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ òun.

Èyí tó ń wá ni èyí tí àgbàrá máa ń tò sórí ilẹ̀ pupa bí ìlà tìróò. Ó rìn dé Ìsọlọ̀, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, tí mọ́tò kì í gbà. Bí òjò bá ti dá, ó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ṣíbí ha dúdú náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi pupa sílẹ̀. Àwọn tó ń pọnmi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn bíríkìlà tó ń dúró dè é lọ ra yanrìn lọ́dọ̀ ẹlòmíì, gààrí gbígbẹ ló sì ń mu sùn. Kò wò ó. Ó fi yanrìn náà kan ahọ́n, kò níyọ̀. Ó fi ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nínú, kò ya á. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kò hó. Ó ṣàn án, ó ṣàn án, títí ó fi ń rí ìdí páànù gbangba.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Háà, obìnrin yìí, ó yẹ kó dúró níbẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó rò. Ó rò pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun ti ha nǹkan yìí. Ó rántí ojú tí Beatrice fi máa ń wo ọwọ́ òun. Ó ní nǹkan tó ń lọ sí pálọ̀ irú àwọn yẹn, omi lásán kò tó o. Ọṣẹ dúdú kan sì wà nínú ìkòkò rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìkirè, irú èyí tó fi wẹ Títí látọjọ́ tó ti bí i. Ọṣẹ tí kò ṣe ọmọ jòjòló ní nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi ẹja ṣe? Ó bù ú síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbo yanrìn náà, ó ń ṣàdúrà sí i. Kò wá ṣàn án púpọ̀ mọ́, kí òórùn ọṣẹ náà má baà lọ tán. Ó sá a sórí ẹní.

Ọjọ́ tó gbé e dé, Felix fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọsàn sí i, kò hó, ó sì yin Wàsílátù níṣojú ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àpótí, ó pọn omi sí i, ó kó ẹja padà. Ẹ wo pupa lórí dúdú! Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Beatrice fúnra rẹ̀ gbé àga fún Wàsílátù, ó sì fún un ní mínírà. Obìnrin náà mu ìdajì, ó ní òun fẹ́ mú ìyókù lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló rò. Ó wọ bùbá tó fi ń kírun ọdún, ó ń kí gbogbo èèyàn lọ́nà.

Àwọn ẹja náà léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Felix ń fọwọ́ ru omi náà, ó sì ń hó funfun lójú. Ó bi í lóhùn jẹ́jẹ́ pé kí ló fi sí yanrìn náà. Kò tilẹ̀ wá sọ́kàn Wàsílátù láti purọ́.

“Ọṣẹ ni, Ọ̀gá. Ọṣẹ dúdú tí mo fi ń wẹ Títí. Mo fẹ́ kó mọ́ fún yín ni.”

Felix mọ̀ pé òun ò sọ fún un. Gbogbo nǹkan tí yanrìn ò gbọdọ̀ ní ló kà fún un, kò mẹ́nu ba ọṣẹ, torí kò wá sọ́kàn òun náà pé ẹnikẹ́ni lè fi ọṣẹ fọ yanrìn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ láàárọ̀ yẹn. Kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹja rẹ̀. Ọkùnrin lásán-làsàn! Beatrice ní tiẹ̀ ti rí ohun tó ti ń wá tipẹ́.

“Ìyá Títí, ẹ máa mú ọmọ yín lọ. Lọ́jọ́ mìíì, ó lè fi ọṣẹ se ọbẹ̀ fáwọn ọmọ mi.”

Wàsílátù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, obìnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ òun níyà, kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Títí ti múra ilé ìwé tán. Beatrice ní kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù náà, torí àwọn ló rà á. Ọmọ náà bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó fi lé orí àga.

Látọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń kó yanrìn. Títí ò fi ọ̀rọ̀ náà bú ìyá rẹ̀ rí, èyí ló sì ń dun Wàsílátù jù. Ó fẹ́ kó bú òun.

Òjò ńlá kan rọ̀ nígbà tí ọdún ń lọ sópin, bíríkìlà kan sì ń wá yanrìn kíákíá, ni wọ́n bá wọ Àjàó Estate. Wàsílátù ì bá yà kó tó débi géètì Felix, àmọ́ Títí ti ṣíwájú. Wọ́n ti da àpótí ẹja náà nù. Yanrìn dúdú ló wà nínú gọ́tà níwájú géètì, òjò ti tẹ́ ẹ lọ títí. Wàsílátù mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, òun ló fi ṣíbí ha á. Ó ní kí àwọn máa lọ. Títí kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí imú.

“Màámi,” ó ní, “òórùn ọṣẹ ti kúrò lára ẹ̀. Ẹja lè gbénú ẹ̀ báyìí.”

Wàsílátù gbé páànù kalẹ̀, wọ́n sì kó o.