Jalámíà Inú Yàrá Ẹ̀rí

Eruku, bébà àtijọ́ àti ìtọ̀ eku ni yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí pamọ́ sí ní ilé ẹjọ́ ń rùn. Èmi, ìyá mi àti lọ́yà wa dúró níwájú tábìlì. Jalámíà funfun kan la wá wò. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó ló wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí olè ká a mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jà, gíláàsì ya olè náà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sí aṣọ náà láyà. Iná ò sí. Oníṣọ́ọ̀bù ní ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lòun gbọ́. Ó ṣeni láàánú pé ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ náà; ó ní àdá ló ṣá òun lóko wa ní Òkè-Oyì. Adájọ́ ò gbà á gbọ́, ó sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ.

Lọ́yà ti ṣàlàyé fún wa pé àyẹ̀wò DNA lè sọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní kò sí òfin kan pàtó lọ́dọ̀ wa tó fún ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ sí i, àfi ká bẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà. Ìgbà tí wọ́n gbà yẹn gan-an lẹ̀rù wá bà mí. Mo kàn ń jà fún ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀ ni. Èsì tó ń bọ̀ yìí ò ní mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni.

Bàbá tó ń ṣọ́ ẹ̀rí tú ọ̀rá. Jalámíà náà mọ́ tónítóní, wọ́n tiẹ̀ ká a dáadáa, òórùn ọṣẹ ló ń ti ara rẹ̀ jáde.

“Bàbá, ta ló fọ aṣọ yìí?” Ohùn lọ́yà ti yí padà.

“Èmi ni o. Ẹ̀jẹ̀ ló wà lára ẹ̀, nàjísì tó ń ba ìrun jẹ́ ni, inú yàrá yìí náà ni mo sì ti ń kírun. Mo fi ọṣẹ sè é kó lè mọ́. Wálláhì, mo rò pé ẹjọ́ ti parí.”

“Ó ti tán nìyẹn,” ni lọ́yà wí. “Kò sóhun tí wọ́n máa yẹ̀ wò mọ́.”

Mo fẹ́ figbe ta. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá mi tó ti fi Kùránì búra fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ò ṣe é. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì rọra sọ pé, “Alihamudulilahi.”

Mi ò bi wọ́n rí, wọn ò sì mọ̀ pé mo gbọ́. Tá a bá gbóúnjẹ lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ṣì máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́,” òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe é, ó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí kò bá ṣe é, a jẹ́ pé ìyá tó bí i ló dúpẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀nà àtijáde rẹ̀ dí, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní.