Ojú Ìyá Bọ́lá Nínú Igi

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ọmọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Agbẹ́gilére ni mí ní Ṣakí. Nígbà tí ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, kú, kò ní fọ́tò kankan. Ọdọọdún la máa ń ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo jí láàárọ̀, mo wá ojú rẹ̀ lọ́kàn mi, n kò rí i mọ́. Ṣé ó ti ṣe yín rí? Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí a sin ín lọ.

Mo gbé igi láti fi gbẹ́ ojú rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe gbẹ́ ẹ: ẹyinjú ńlá tó yọ síta, ẹnu tó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbẹ́ gbogbo ènìyàn nílé wa, àti arúgbó àti ọmọge. Bọ́lá wá láti Tẹ̀dé, ó wò ó títí.

"Bàbá, ta nìyí?"

Mo jù ú síná. Mẹ́ta ni mo sun bẹ́ẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mò ń lọ nírọ̀lẹ́ nígbà náà. Tíṣà wa gbé agbárí ewúrẹ́ wá, ó ní egungun ló ń sọ bí ojú ṣe máa rí, ẹran kàn bò ó ni. Ó ní kí kálukú dijú, kó fọwọ́ wá egungun ojú ara rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí ní tòun ò ṣòro wá, kò sẹ́ran níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lajú: ojú ìyàwó mi ni ọwọ́ mi ń wá.

Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Nígbà tí Ìyá Bọ́lá ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń fi òrí pa á lójú láràárọ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ, àgbọ̀n tó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì.

Mo tún gbé igi mìíràn: mò ń dijú wá a, mò ń lajú gbẹ́ ẹ. Bọ́lá rí i, ó bú sẹ́kún. Ó ní Màmá ni, àmọ́ Màmá orí ẹní àìsàn ni.

"Bàbá, ẹ ò lè jẹ́ kí wọ́n sanra díẹ̀?"

Èyí tí mo ti gé kúrò lára igi, níbo ni mo ti fẹ́ rí i dá padà?

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni ère náà wà. Láràárọ̀ mo ń fi òrí pa á, kó má baà là.

Ẹ̀yin tí ẹni yín ṣì wà, ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Ẹ̀yin tí tiyín ti lọ, kí lẹ fi ń rántí ojú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.