Agberu Tí Kò Ní Àmì Lórí

Ìjàpá ò sí nínú èyí, erin ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ orúkọ ọmọ náà. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, alágbàárù, tí ìdí rẹ̀ kì í gba àga. Kò-jókòó ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Bó bá ń jẹun, á máa rìn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á máa rìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó sì ti ń bá ọ̀nà lọ kí orí tó dé bá a.

Ilé-ẹrù ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó páálí àti àpótí jọ kí ọkọ̀ tó wá kó wọn lọ pín. Òun ló ń gbé wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òṣùwọ̀n, tó sì ń gbé wọn láti ìdí òṣùwọ̀n dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè. Obìnrin kan ló ń wọn ẹrù níbẹ̀, Ìyá Òṣùwọ̀n. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Kò-jókòó bí, obìnrin ni. Ìyá ọmọ náà ti kú, ọmọ sì ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn tó jìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń wà láàárín wọn kò kún ṣíbí.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá mi."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ara yín ńkọ́?"

"Ara le."

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ á pa, oníkálukú á wá máa gbọ́ bí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe ń mí. Wọn ò jà o. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ bámúbámú, ọ̀rọ̀ ni kò sí.

Ohun kan ló máa ń tú ahọ́n ọmọ yìí: eré ìtàn tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe lórí fóònù. Òun ni olùdarí wọn. Oníkálukú á dá akọni tirẹ̀ sílẹ̀, akọni tí etí ò gbọ́ rí, á fún un ní agbára tó bá wù ú, á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni akọni ọ̀hún. Olùdarí á ní, "Afárá ń wó, èrò sì kún orí rẹ̀." Ọ̀kan á kọ ọ́ pé, "Mo fò." Èkejì á kọ ọ́ pé, "Mo fi èémí so irin rẹ̀ pọ̀." Báyìí ni ìtàn á ṣe máa lọ, láìsí ẹni tó mọ ibi tó máa já sí. Nígbàkigbà tí ọmọ bá ń ròyìn eré yìí fún bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo sí.

Nígbà tí àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, Kò-jókòó ní, "Fi mí sí i."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá mi, ẹ ò lè jókòó ti fóònù."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ jókòó?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní torí pé bàbá òun ni ṣe ojúsàájú. Kí bàbá mú akọni wá kó tó di ọ̀sán Sátidé. Bí ẹgbẹ́ bá gbà á, ó parí. Bí wọn ò bá gbà á, ẹlòmíràn ló máa gba àyè náà, kò sì sí ìgbà tí òmíràn tún máa ṣí. Kò-jókòó gbà. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá kì í bínú sí ọ̀nà. Kì í kúkú ṣe eré ni bàbá ń wá. Ó fẹ́ wà níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Akọni àkọ́kọ́ tó dá sílẹ̀, ọkùnrin tó lágbára bí agbo erin ni. Ọmọ ní, "Bàbá mi, irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ bí iyanrìn." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń ti ọmọlanke, ètè rẹ̀ ń mì. Ó gbé páálí tó yẹ kó lọ sókè sílẹ̀ níbi tí èyí tó ń jáde wà. Ó tún dá èkejì sílẹ̀. Ẹni yìí ń fò, ó ń pòórá, iná ò jó o, omi ò gbé e, irin ò ran ara rẹ̀, ikú gan-an ń yà fún un lọ́nà. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ojú-Iná, ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùdarí. Kí ló wá kù fún àwa? Ṣé ká máa bá akọni yín fọ aṣọ ni?"

Ọmọ rẹ̀ ló wá là á yé e. "Ẹni tí ohunkóhun ò lè mú, bàbá mi, ìtàn rẹ̀ ò lè mú èèyàn. Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Àwọn ìtàn tí ẹ máa ń pa fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣé alágbára kan wà níbẹ̀ tí kò léèwọ̀?"

Kò sí o. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ò wá balẹ̀ mọ́ rárá. Tẹ́lẹ̀, rírìn ló ń rìn, ó ti wá ń yí ilé-ẹrù po bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé ẹyin sí.

"Ìyá Òṣùwọ̀n," ó ní, "bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ dá akọni sílẹ̀, kí lo máa fún un?"

"Ìdí tó lè jókòó. Kúrò lórí òṣùwọ̀n mi, ìwọ lò ń wúwo níbẹ̀ yẹn."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bó ṣe ń fi ọwọ́ kan ti ọmọlanke, tó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ fóònù, ó ronú pé ohun téèyàn mọ̀ ló yẹ kó sọ. Ó kọ ọ́ báyìí: "Agberu ni oruko re. O le gbe eru gbogbo eniyan." Ẹrù ló ní lọ́kàn o. Àpótí, páálí, àpò, gbogbo ohun tó ń tẹ èèyàn lọ́rùn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àmì ohùn kéékèèké tí àwọn alákọ̀wé máa ń gbé sórí ọ̀rọ̀, Kò-jókòó ò bá wọn ṣe. Ó fi ránṣẹ́ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀.

Ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Háà! Èyí ga jù," Ojú-Iná kọ ọ́. "Gbogbo wa là ń fò, gbogbo wa là ń jà. Ta ló rántí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já? Akọni tó ń gbé ẹ̀rù kúrò láyà èèyàn! Bàbá, ẹ ti ń fi orí yìí pamọ́ tipẹ́."

Kò-jókòó dúró. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún Ìyá Òṣùwọ̀n. Obìnrin náà wò ó, ó wo páálí tó wà lórí ọmọlanke, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"O kọ ẹrù, wọ́n ka ẹ̀rù! Yéè, ìwọ ọkùnrin yìí, o ti di ọlọ́gbọ́n láìmọ̀."

"Ṣé kí n sọ òótọ́ fún wọn?"

"Sọ ọ́ o, kí o wá padà wá máa yí mi po. Ṣé o purọ́ ni? Ẹnu wọn ni wọ́n fi kà á."

Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wọlé. "Ó dára, bàbá mi. Àmọ́ ìbéèrè kù. Bí Agberu bá gbé e, ibo ló ń gbé e sí? Kí sì ni èèwọ̀ rẹ̀? Ọ̀sán ọ̀la o."

Wàhálà wá di méjì. Bó bá jẹ́wọ́, akọni rẹ̀ á di alágbàárù lásán, àyè á bọ́. Bí kò bá sì jẹ́wọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀rù jọ sí. Ẹrù tirẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rù ní ibo?

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ròkè dákẹ́. Wọ́n ní kí Kò-jókòó máa fi orí rù wọ́n lọ. Ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pàdé nísàlẹ̀, ẹni yẹn bá a gbé àpótí irin kan rù, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tó dé òkè, kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti ń wọnú àyà lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀, àpótí á wó lù ú. Bó bá jù ú sílẹ̀, ohun inú rẹ̀ á fọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rẹrù mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ ohun ni orí lè rù tí ọwọ́ ẹni ò lè dá sọ̀.

Ó pariwo. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi sọ̀ ọ́!"

Ìyá Òṣùwọ̀n ló sáré gòkè wá, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Àwọn méjèèjì jọ gbé àpótí náà sọ̀.

"O lẹ́nu, o ò tètè pariwo," obìnrin náà ní. "Ṣé o fẹ́ kí irin sọ ọ́ di pẹrẹsẹ ni?"

Kò-jókòó ti fa fóònù yọ. Ojú rẹ̀ ti là. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló ń tẹ fóònù: "Ko gbe e si ibi kankan. Ori re ni gbogbo re wa. Eewo re ni pe ko le da a so. Afi ki eniyan ba a so."

Ó dé ìsàlẹ̀. Kò sí èsì. Ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó lọ dé ìdí òṣùwọ̀n, ó padà. Oòrùn ti ń sún mọ́ àárín ọ̀run. Àfi bí fóònù ṣe dún. Ọmọ rẹ̀ ló pè é.

"Bàbá mi, bá a sọ̀ ni ẹ kọ, àbí bá a sọ?"

"Èwo ló wà níbẹ̀?"

"Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà kọ àmì sílẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ẹrù ni mo kọ lánàá. Páálí. Àpótí. Ẹ̀yin lẹ kà á sí ẹ̀rù."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ṣé n ò mọ bàbá mi ni? Mo kàn fẹ́ rí ohun tí ẹ máa fi ṣe."

Kẹ́kẹ́ pa bó ṣe máa ń pa. Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn. Kò-jókòó ti fẹ́ bi í bóyá ó ti jẹun, ni ọmọ bá tún sọ̀rọ̀.

"Agberu yẹn, bàbá mi. Ẹ̀rù tirẹ̀ ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ bàbá dúró. "Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní, "pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá pè ọ́, tí 'ara le' yẹn gan-an ò ní sí lẹ́nu àwa méjèèjì mọ́."

Ohùn ọmọ ti kéré nígbà tó fèsì. "Ó ń ba èmi náà. Mo máa ń ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, àmọ́ bí ẹ bá ti gbé fóònù, gbogbo rẹ̀ á fò lọ."

"Ó dáa, bá mi sọ̀ ọ́. Kí èmi náà bá ọ sọ̀ ọ́. Kí lo ṣètò fún ti òní?"

Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti yàrá rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì. Ó sọ ti ọ̀gá rẹ̀ tó máa ń hanrun nídìí iṣẹ́, tí gbogbo wọn á sì máa fi ẹsẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn kó má baà jí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bi í léèrè, ọmọ tún rò ó lọ. Láàárín ọ̀rọ̀, ó ní, "Ojú-Iná ti ń dà wá láàmú o. Ó ní kí Agberu máa bọ̀ kíá, ọmọ kan wà lórí òrùlé, iná ń bọ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè fò sílẹ̀."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀. Kí ó dì í mú. Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ó padà jí?"

Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ wá nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ó sì jókòó. Ó jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ dúró wò ó bí ẹni rí ìran.

Ìyá Òṣùwọ̀n gbé ọwọ́ lérí. "Kò-jókòó! Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò jókòó rí, ìgbà tí o máa jókòó, orí páálí abọ́ onígíláàsì lo lọ jókòó lé! Dìde ńbẹ̀!"

Kò dìde. Ó fi ọwọ́ ṣe é fún un pé kó rọra pariwo, ọmọ òun ń sọ̀rọ̀.